Yorùbá Ronú: ta gan-an ni Ògúndé ń bá wí?

  Àkúté níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ń pariwo díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Orin kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí, àti ọkùnrin tó kọ ọ́. Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi rántí orin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà kò pọ́n mi lé.

Ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù la máa ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà tó jóná la wà lórí rẹ̀: èló ni ilé kọ̀ọ̀kan máa dá? Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta oògùn, Ìyá Kẹ́míìsì ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ìgbò ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé àdúgbò yìí, kí ojú ọ̀nà wa tó ní gọ́tà rárá. Kò sí ilé tó wà ní òpópónà wa tí kò tíì gba oògùn ibà ní àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Ìyá yìí ní kò yẹ kí òun tí òun ní yàrá mẹ́ta dá iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó kọ́ fúláàtì mẹ́fà tó ń gbowó lórí wọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ó ká ẹni tó ni fúláàtì mẹ́fà lára. Bàbá náà kò dá a lóhùn. Fóònù ló mú jáde, ó wá orin kan, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè títí dé òpin. Yorùbá Ronú, ti Hubert Ògúndé. Ó ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà níjòkòó gbọ́ ọ dáadáa, kí a lè mọ irú ẹni tí a ń fún láyè láti máa sọ̀rọ̀ láàárín wa.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wolẹ̀. Èmi tí mò ń fi ìtàn àti orin jẹun, èmi náà wolẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Ìyá Kẹ́míìsì gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí pé mo mọ orin yẹn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́, mo mọ àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí, mo sì mọ ohun tí ojú ẹni tó kọ ọ́ rí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí ọ̀rọ̀.

Akọrin ni, kó tó di bàbá eré

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní Ọ̀sọsà, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà tọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, inú orin ìyìn ilé Ọlọ́run ló dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ó tún bá bàbá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ babaláwo gbé, ó sì bá àwọn eégún aláré ṣeré nígbà tó wà ní kékeré. Ìlù àti dùùrù, méjèèjì ló wọ̀ ọ́ létí kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ló wọṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ní ọdún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹbútté Mẹ́ta ń wá owó tí wọ́n máa fi kọ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá yìí bá wọn gbé eré kalẹ̀. Ó kọ eré lórí ọgbà Édẹ́nì, wọ́n sì ṣe é ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé àwọn akọrin á dúró gbọn-in bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á máa fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ sì mọ̀ pé tí ohùn orin òyìnbó bá gun orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, “ọkọ̀” lè di “ọkọ́”, “ọ̀run” lè di “ọrùn”. Ògúndé kò fẹ́ ìyẹn. Ó fi ìlù sí i, ó fi ijó sí i, ó jẹ́ kí orin tẹ̀ lé ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nílé. Àwọn èèyàn yà bo eré náà.

Ní 1945, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. African Music Research Party ló sọ ọ́. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: kò dárúkọ eré níbẹ̀ rárá. Orin ló dárúkọ, ìwádìí ló dárúkọ. Láìpẹ́, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó di ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí nìkan jẹun. Nígbà tó ń wá àwọn obìnrin tí wọ́n máa bá a ṣeré, kò sí òbí tó fẹ́ kí ọmọ òun di oníjó kiri. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ rẹ̀ di ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń bọ́ sójú agbo bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a máa padà síbẹ̀: ilé àti iṣẹ́ Ògúndé, ọ̀kan náà ni. Ohun tó bá kan iṣẹ́ náà ti kan ìkòkò ọbẹ̀.

A máa ń pè é ní bàbá eré tíátà Yorùbá, òótọ́ sì ni. Àmọ́ orin ni òpó tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Orin ló ń ṣí eré, orin ló ń tì í. Inú orin ìṣíde ni ó ti máa ń sọ ohun tó ní lọ́kàn ní gbangba kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tí kò ní owó ìwọlé lè má rí eré náà láéláé, ṣùgbọ́n ó lè gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́nu ọmọ aládùúgbò.

Ìbọn Enúgù, ẹkún Ọ̀sọsà

Ọdún tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà gùn lé ìyanṣẹ́lódì ńlá. Ogun àgbáyé kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù sì wà níbi tó wà. Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé wà lára àwọn tó léwájú. Ìyanṣẹ́ náà lé ní oṣù kan. Ògúndé kò dúró kó parí kó tó di ìtàn, ó gbé eré Strike and Hunger jáde ní ọdún náà gan-an. Nígbà tó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, àwọn aláṣẹ òyìnbó fòfin dè é, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ọlọ́pàá àná ti di ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣọ́.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enúgù ń béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn. Ènìyàn 21 ló kú. Ní 1950, Ògúndé gbé eré jáde lórí wọn, ó pè é ní Bread and Bullet, búrẹ́dì àti ọta ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Àwọn tó kú ní Enúgù, ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà, kì í ṣe èèyàn wọn, kò sì bá wọn wa èédú rí. Síbẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó fi ìlù àti orin sọ ìyà wọn fáráyé gbọ́, nígbà tí ìjọba tó yìnbọn náà ṣì wà lórí àga. Akọrin tó ṣe ìyẹn ní 1950 ni akọrin tó kọ Yorùbá Ronú ní 1964. Ẹni kan náà ni o. Kò yí padà láàárín ìgbà méjèèjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1964

Kí orin náà lè yé wa, a ní láti rántí bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí nígbà náà. Ìjà ti wọ inú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá sì ni olórí ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù karùn-ún 1962, wọ́n ju àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án 1963, Awólọ́wọ̀ ti gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ síjọba, Akíntọ́lá sì ti padà sórí àga. Àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá ní àwíjàre tiwọn: wọ́n ní kò yẹ kí Yorùbá máa wo ìjọba àpapọ̀ láti ìta, kí àwọn yòókù máa pín oúnjẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀ ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ kọ ọ̀rẹ́, ọmọ ìyá kan náà kì í kí ara wọn mọ́.

Àwọn èèyàn Akíntọ́lá wá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún ní Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ Ògúndé lọ́wẹ̀ pé kó wá ṣeré níbẹ̀. Ó gbà. Ó kọ eré tuntun fún wọn. Yorùbá Ronú ni.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ọba kan wà, ìgbákejì rẹ̀ lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọ̀tá, ó fi ọba náà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ìyà wá jẹ àwọn ará ìlú lábẹ́ ọ̀dàlẹ̀ náà títí wọ́n fi dìde sí i. Orin ìṣíde eré náà ló wá di orin tí gbogbo ayé mọ̀. Orin arò ni. Ó ń ké lórí àwọn tó níyì láàárín ẹgbẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú ilé ara wọn, tí wọ́n sì di ẹni yẹ̀yẹ́. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ronú.

Ẹ wo irú ìgboyà yẹn. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ló jókòó sí iwájú, òun gan-an ló sì ń bá wí. Akíntọ́lá àti àwọn èèyàn rẹ̀ dìde, wọ́n jáde. Kò pẹ́ sígbà náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé: wọn kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi ní agbègbè náà mọ́.

Kí n má purọ́ fún yín, orin náà kò dúró ní agbede méjì. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ẹni tó dúró fún ọba, ó sì mọ ẹni tó dúró fún ìgbákejì. Ògúndé ti mú ìhà kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: Yorùbá ló kọ ọ́, Yorùbá ló kọ ọ́ sí, ohun tí Yorùbá ń ṣe fún Yorùbá ló sì ń dùn ún. Kò sí ibì kankan tó ti ní kí a lọ ronú nípa ọjà aládùúgbò wa.

Ààlà tí orin kò gbọdọ̀ kọjá

Àwa tí à ń gbé Àkúté, ó yẹ kí ìfòfindè yẹn yé wa dáadáa. Lónìí, tí mo bá jáde nílé, kí n tó dé Ojodu Berger mo ti kúrò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mo ti wọ Èkó, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ní 1964, kò tíì sí ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì tíì sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ti Èkó dé ní 1967, ti Ògùn dé ní 1976. Ìgboro Èkó, tó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà, nìkan ló wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀: Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹbútté Mẹ́ta, Yábàá àti àyíká wọn. Ìkẹjà, Agége, Àkúté tí mo jókòó sí yìí, títí dé Ọ̀sọsà fúnra rẹ̀, gbogbo wọn wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ògúndé lè ṣeré ní Yábàá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣe é ní Agége. Ó lè kọrin fún àwọn èrò ìgboro Èkó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọrin ní ìlú tí wọ́n ti bí i. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Òṣogbo, Ifẹ̀, gbogbo ìlú tó ń gbọ́ èdè tó fi ń kọrin, wọ́n tilẹ̀kùn wọn mọ́ ọn. Ẹ rántí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ẹgbẹ́ náà ni ìdílé rẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀nà lọ́wọ́ akọrin tó ń rìn kiri, oúnjẹ ọmọ ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Kò lọ tọrọ àforíjì. Eré mìíràn ló kọ, ó sì pè é ní Òtítọ́ Korò.

Ìdí wo ni ìjọba fi bẹ̀rù orin? Àwọn ìwé ìròyìn ń bú ìjọba náà lójoojúmọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó lè kàwé ló ń ka ìwé ìròyìn, tó bá sì kà á tán, ó lè fi di àkàrà. Orin kò béèrè pé bóyá o mọ̀wé. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní ilé ẹlẹ́mu tó fún gbogbo àdúgbò láti mọ̀ ọ́n. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ti ní ìlù nínú, tí ohùn rẹ̀ bá ohùn èdè mu, kò ní kúrò lọ́kàn mọ́. Wọ́n lè ti gbọ̀ngàn pa, àmọ́ ta ló fẹ́ ti ẹnu ìyá tó ń gún iyán pa?

Ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ní oṣù kejì, Adékúnlé Fájuyì tó di gómìnà ológun agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn gbé òfin náà kúrò, Ògúndé sì padà sílé. Fájuyì yìí náà ni wọ́n pa ní oṣù keje ọdún yẹn, òun àti àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, ọmọ Ìgbò láti Umuahia. Ní Ìbàdàn kan náà ni àwọn ológun tó dìtẹ̀ ti mú àwọn méjèèjì. Ẹni tó tú Yorùbá Ronú sílẹ̀, òun àti àlejò rẹ̀ ni wọ́n jọ kú. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń fi orin náà lé àlejò mọ̀ ọ́n.

Ọba kì í pọ̀kọrin

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní kí akọrin máa bá ìjọba wí. Irọ́ ni. Àwọn baba wa ló ní ọba kì í pọ̀kọrin. Ẹ lọ sí ilẹ̀ Yewa, ẹ lọ sí Ìmẹ̀kọ, ẹ kọjá sí Kétu ní ilẹ̀ Benin, ẹ ó bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní òru tó ṣáájú ọjọ́ ijó, Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Ó máa ń kọ́kọ́ júbà: ó á kí àwọn òrìṣà, ó á kí àwọn ìyá, ó á kí àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà, ó á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Olóyè tó kó owó ìlú jẹ, ọkọ tó ń na ìyàwó, oníṣòwò tó ń yọ́ òṣùwọ̀n jẹ, kò sí ẹni tí kò lè kàn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án nítorí ohun tó kọ lóru yẹn. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ogún àṣà gbogbo ayé ní 2001.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan nípa Ẹ̀fẹ̀. Ìlú tirẹ̀ ló ń bá wí. Kì í dúró ní Ìmẹ̀kọ kó máa bú ará Òṣogbo, nítorí kí ni ìyẹn máa ṣe fún Ìmẹ̀kọ? Àwọn tó ń gbọ́ ọ ló lè tún ìwà wọn ṣe. Ibi tí Ògúndé dúró sí nìyẹn ní 1964. Ilé ló ti ń pariwo, kí ilé lè gbọ́. Ìjọba tó fòfin dè é ló da àṣà nù.

Ní Kánádà náà

Ní ọdún 1967, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé òfin náà kúrò, Ògúndé kó ẹgbẹ́ oníjó lọ sí Montreal ní Kánádà, níbi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n pè ní Expo 67. Ní ibi ìpàtẹ yẹn kan náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ Kánádà, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ní ilé tiwọn. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀, fún gbogbo àlejò láti kà, bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ wọn àti bí wọ́n ṣe fẹ́ pa àṣà wọn rẹ́. Ẹ̀yà Cree wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí Kánádà ti fi òfin lé orin àti ijó wọn: láti 1895 ni òfin ti de ijó ìsìn ńlá tí àwọn Cree àti àwọn ẹ̀yà tó yí wọn ká ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì di 1951 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òfin. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ibùgbé, níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Ọdún 1997 ni wọ́n ti èyí tó kẹ́yìn nínú wọn.

Ìdí nìyẹn tí akọrin Cree tó bá gbé ìlù lónìí, tó sì fi èdè wọn kọrin, kì í fi í ṣeré lásán. Ohun tí wọ́n ní kó má sọ mọ́ ló ń sọ. Mo mẹ́nu bà á kí a lè mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gba orin lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀kan ni kí wọ́n fòfin dè é. Ìkejì ni kí wọ́n fi orin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá Ronú ní 1964. Ìkejì ṣẹlẹ̀ sí i lójú mi, ní ìpàdé onílé, ní Àkúté.

Ohun tí Ìyá Kẹ́míìsì sọ

Ògúndé kò sinmi títí ó fi lọ. Ó ṣe fíìmù Ayé ní 1979, Jáyésinmi ní 1980, Àròpin N Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Ó kú ní London ní oṣù kẹrin 1990, wọ́n sì gbé e wá sin sí Ọ̀sọsà. Orin rẹ̀ kò kú. Tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó máa gbọ́ ọ, kálukú á máa fà á sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìpàdé yẹn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kẹ́míìsì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Ògúndé, mo ṣàlàyé 1964, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí. Màmá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, Yorùbá tó dán mọ́rán ló fi sọ ọ́, pé, “Bọ̀dá, mo mọ orin yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe orin yẹn ló dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹ wá dákẹ́ lẹ dùn mí.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ra oògùn orí fífọ́ tí mi ò nílò, mo lọ sílé.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, kí alága tó ṣí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà, mo tọrọ àyè ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo dúró níwájú àwọn àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo sì sọ ìtàn àwọn awakùsà Enúgù. Mo sọ ti ọba àti ìgbákejì rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, orin tí a fi lé Màmá jáde lóṣù tó kọjá, àwa ni wọ́n kọ ọ́ fún. Tí a bá fẹ́ ronú, ẹ jẹ́ ká ronú lórí owó tiransifọ́mà, bóyá ó tọ́ kí ilé kékeré dá iye kan náà pẹ̀lú ilé ńlá.” Bàbá onífúláàtì mẹ́fà kò wo ojú mi. Mi ò lè sọ pé ó yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún owó náà ṣírò, iye yàrá ni wọ́n wá ń fi dá a báyìí, iná sì ti dé. Ìyá Kẹ́míìsì san tirẹ̀ kí tèmi tó wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, tí ẹ bá tún gbọ́ Yorùbá Ronú níbikíbi, nínú ọkọ̀, níbi òde, lórí fóònù ẹni tí inú ń bí, ẹ bá mi bi ara yín ní ìbéèrè kan: ta ni wọ́n ní kó ronú? Ẹ sì bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín ohun tí wọ́n rántí nípa ọdún 1964, kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ó dájú pé ẹnì kan nínú ẹbí yín rí eré Ògúndé rí.

Ibi tí a ó ti dánu dúró nìyí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ti dákẹ́, iná ti dé.